Ìgbà 64 Láàárín Ìṣẹ́jú Kan: Ohun Tí Eré Ọ̀nà Jíjìn Ń Ṣe sí Ọkàn Ẹṣin

Nínú eré ẹṣin ọ̀nà jíjìn, dídé nìkan kò tó. Bí ẹṣin bá ti wọ ibùdó àyẹ̀wò, wọ́n á tú gàárì rẹ̀, wọ́n á máa da omi lé e lára, lẹ́yìn náà dókítà ẹranko á gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ́tí sí àyà sí ẹ̀yìn ìgúnpá rẹ̀ lápá òsì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìgbà 64 láàárín ìṣẹ́jú kan ni òdiwọ̀n tí FEI, àjọ tó ń darí eré ẹṣin lágbàáyé, ń lò. Ní àwọn ibùdó ojú ọ̀nà, ìṣẹ́jú 15 ni ẹṣin ní kí lílù ọkàn rẹ̀ fi wálẹ̀ débẹ̀. Ní ìparí eré, ìṣẹ́jú 20 ni. Èyí tí kò bá wálẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, kódà bó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ kọjá ìlà ìparí.

Òdiwọ̀n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣùgbọ́n awuyewuye tó rọ̀ mọ́ ọn kò tíì rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ní Tryon, ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, wọ́n fagi lé eré ọ̀nà jíjìn nínú ìdíje ẹṣin àgbáyé nígbà tí eré ṣì ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣi àwọn kan lọ́nà níbi ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n gé kìlómítà 160 kù sí 120, síbẹ̀ ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kó ṣeé parí. Nínú ẹṣin 95 tó kópa, 53 ló gba ìtọ́jú. Àfi ẹyọ kan, gbogbo wọn ni ara wọn ti tán, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Ẹṣin kan láti New Zealand, tó ń jẹ́ Barack Obama, ni kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ní láti fi abẹ́rẹ́ pa á kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìrora. FEI gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lẹ́yìn náà, òfin tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2020.

Ohun tí kì í yé ọ̀pọ̀ tó ń wo eré yìí ni pé nọ́ńbà 64 yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ bí ọkàn ṣe lágbára tó. Omi tó kù lára ẹṣin, iyọ̀ tó ti bá òógùn lọ, ooru tó ṣì wà nínú ẹran ara, àti ìrora tí ẹṣin kò lè fẹnu sọ, àwọn ni ọkàn ń jẹ́rìí sí. Ọkàn ẹṣin fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹ̀yà ara tó kọ́kọ́ ṣubú.

Ọkàn tí Ọlọ́run dá fún eré

Ọkàn ẹṣin tó wọn kílò 500 máa ń tó kílò 4 sí 5. Ti Phar Lap, ẹṣin ìdíje tó kú lọ́dún 1932, tó kílò 6.2, ó sì wà nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Ọsirélíà ní Canberra títí dòní. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹṣin eré kúkúrú nìyẹn. Ẹṣin ilẹ̀ Lárúbáwá, tó pọ̀ jù nínú eré ọ̀nà jíjìn, kéré sí i, kì í sábà ju kílò 450 lọ. Ohun tó fi ń borí àwọn tó tóbi jù ú lọ ni ẹran ara tó lè fi ọ̀rá ṣe epo fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àti ara tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ooru tètè ń rí ọ̀nà jáde lára rẹ̀.

Bí ẹṣin bá dúró jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 28 sí 44 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń rìn, ó lè di 60 sí 80. Bó bá ń sáré pẹ̀lẹ́, 100 sí 140. Bó bá sá eré àsápajúdé, á gun 220 tàbí 240. Ìyẹn ni pé ọkàn ẹṣin lè fi ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje ju bó ṣe ń lù nígbà ìsinmi lọ, ohun tí ọkàn ènìyàn kò lè dábàá rẹ̀. Lílù kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó tó lítà kan jáde. Nígbà ìsinmi, lítà bí 30 sí 40 ló ń gba inú ọkàn kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Nínú eré àsápajúdé, ó lè lé ní 250, bí ẹni ń da kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá tó jẹ́ lítà 25-25 kí ìṣẹ́jú tó pé.

Ẹṣin tún ní ìṣúra kan tí àwa kò ní. Ọlọ inú rẹ̀, ẹ̀yà ara tó wà lápá òsì ikùn, ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pupa pamọ́. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, tàbí bí ẹ̀rù bá ba ẹṣin, ọlọ inú á fún ara rẹ̀ pọ̀, á tú ẹ̀jẹ̀ yẹn jáde. Èròjà pupa tó jẹ́ nǹkan bí ìdá 35 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ lè gun òkè dé 60 tàbí 65. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ lè gbé á pọ̀ sí i lójijì. Ẹ̀jẹ̀ náà á sì ki, èyí tó ń mú kó ṣòro díẹ̀ fún ọkàn láti tì í kiri, pàápàá bí omi inú rẹ̀ bá tún wá ń dínkù.

Nínú eré ọ̀nà jíjìn, lílù ọkàn kì í sábà gun 200. Láàárín 120 sí 150 ni ẹlẹ́ṣin tó mọ iṣẹ́ ń gbìyànjú láti tọ́jú rẹ̀ sí, kó máa lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, mẹ́wàá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìwọ̀n yìí, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ohun tí ẹran ara ń lò, ọ̀rá ń jó, oró tó máa ń mú kí iṣan gan kì í kóra jọ. Ẹ jẹ́ kó yé wa dáadáa: lílù 140 kò lè pa ẹṣin tó lára. Wákàtí tó gùn, àti ohun tó ń ti ara jáde nínú àwọn wákàtí yẹn, níbẹ̀ ni ewu wà.

Òógùn, omi, iyọ̀

Nínú agbára tí ẹran ara ẹṣin ń lò, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló ń di ooru. Ooru yẹn gbọ́dọ̀ jáde. Òógùn ni ọ̀nà tó tóbi jù. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ti ẹṣin kò rí bẹ́ẹ̀. Èròjà kan wà nínú òógùn rẹ̀ tó ń ṣe bí ọṣẹ, tó ń mú kí òógùn tàn kárí irun kó lè tètè gbẹ, òun ló fà á tí ẹ fi ń rí ìfófòó funfun lábẹ́ ìjánu àti láàárín itan. Ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́ gidi nínú ooru lè làágùn tó lítà 10 sí 15 ní wákàtí kan. Tí eré kìlómítà 160 bá fi máa parí, ó lè ti fi kílò 20 sí 30 fúyẹ́ ju bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ, bó tiẹ̀ ń mu omi lójú ọ̀nà.

Èyí tó le jù ni iyọ̀ inú òógùn náà. Òógùn ènìyàn kò ní iyọ̀ tó inú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá làágùn, ẹ̀jẹ̀ tó kù lára wa á níyọ̀ sí i, òùngbẹ á sì gbẹ wá. Òógùn ẹṣin níyọ̀ tó ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tiẹ̀ máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi gíráàmù 10 nínú lítà kan: sódíọ̀mù, kílóráìdì, pòtásíọ̀mù, pẹ̀lú kálísíọ̀mù àti magnésíọ̀mù díẹ̀. Nítorí náà omi àti iyọ̀ jọ ń lọ ni, ọpọlọ ẹṣin kò sì rí ìyàtọ̀ tó máa pe òùngbẹ. Ẹṣin tó ti gbẹ á dúró síwájú garawa omi, kò ní fi ẹnu kàn án. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ á ní kò nílò omi.

Ní báyìí ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ń dínkù, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà wọ ọkàn láàárín lílù méjì kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lílù kọ̀ọ̀kan wá ń gbé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀, awọ ara ń béèrè ẹ̀jẹ̀ kó lè tutù, ẹran ara náà ń béèrè tirẹ̀ kó lè sáré. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún ọkàn ni kó máa yára lù. Ìdí nìyí tí ẹṣin tó ń lọ ní kìlómítà 15 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú fi lè máa lù ní 125 ní òwúrọ̀, kó sì di 145 lọ́sàn-án, tí eré rẹ̀ kò yí padà rárá. Ẹlẹ́ṣin tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn á rí i bó ṣe ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ló yẹ kó dẹ eré, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni ìdíje ń gbóná.

Ìfun ló ń san gbèsè yìí ju gbogbo ẹ̀yà ara yòókù lọ. Ara máa ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ìfun láti fún iṣan àti awọ. Bí ìfun bá dákẹ́ pẹ́, oúnjẹ àti omi inú rẹ̀ á dúró sójú kan, inú rírun á dé. Ìdí rèé tí dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọkàn tán á fi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ìhà ikùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, lókè àti nísàlẹ̀, kó lè gbọ́ bóyá ìfun ṣì ń kùn. Ẹṣin tí ọkàn rẹ̀ wà ní 60 tí ikùn rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́ ń dẹ́rù bà mí ju èyí tí ọkàn rẹ̀ wà ní 66 tí ikùn rẹ̀ ń pariwo lọ.

Bí wọ́n ṣe ń kà á, àti ohun tó ń ṣi kíkà lọ́nà

Lílù ọkàn ẹṣin ní ìró méjì, “lúù-dúùbù”. Ìró méjèèjì jọ jẹ́ lílù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń ka ìró kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ á rí 80 níbi tó ti yẹ kó rí 40. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ẹ fi ojú ẹ̀rọ náà sí abẹ́ apá òsì, níbi tí okùn gàárì máa ń gbà, ní ẹ̀yìn ìgúnpá gan-an, kí ẹ tì í síwájú díẹ̀. Kíkà ìṣẹ́jú-àáyá 15 tí ẹ ó wá sọ di ìlọ́po mẹ́rin yá, ṣùgbọ́n àṣìṣe lílù kan á di mẹ́rin. Bí nọ́ńbà bá ti sún mọ́ 64, ìṣẹ́jú kan gbáko ló yẹ. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ lè fi ìka méjì tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba abẹ́ egungun àgbọ̀n kọjá. Kó má fi àtàǹpàkò ṣe é, nítorí tirẹ̀ ni yóò máa kà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ẹṣin lójú eré ní àbùkù tirẹ̀. Irin méjì ló ń lò láti gbọ́ ọkàn: ọ̀kan lábẹ́ gàárì nítòsí èjìká, èkejì lábẹ́ okùn àyà. Bí irun ibẹ̀ bá gbẹ, tí wọn kò fi omi tàbí jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń lò fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rin ín, nọ́ńbà á máa fò sókè sódò. Bí gàárì bá ń yọ̀, iṣan èjìká ni ẹ̀rọ á máa kà. Àwọn ẹṣin kan sì wà tí iná tó ń mú ọkàn wọn lù ní òkè kejì tó ga, ẹ̀rọ á kà á sí lílù mìíràn, á gbé 180 jáde fún ẹṣin tó wà ní 90. Nọ́ńbà tó bá di ìlọ́po méjì lójijì láìsí pé ẹṣin yí eré padà, ẹ kọ́kọ́ fura sí ẹ̀rọ ná.

Bí ẹṣin tó lára bá dúró, lílù ọkàn rẹ̀ á já wálẹ̀ kíákíá: láti 140, láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, á ti dín sí 80, ó sì lè kan 64 kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Iṣan ara tó ń mú kí ọkàn rọra lù ló ń ṣe apá àkọ́kọ́ yìí, òun ló ń gba ọ̀rọ̀ padà lọ́wọ́ èyí tó ń lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni á wá máa lọ́ra, apá yìí ló sì ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ooru tó ṣì wà nínú ara, omi tó ti tán, àti ìrora á dì í mú sójú kan. Ẹṣin tó dúró sí 68 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí kò sọ̀ tí kò gùn, lè jẹ́ òkúta kékeré ló há sí pátákò rẹ̀. Èyí tó wá sí 56 tó tún padà sí 66 ń pe inú rírun.

Dókítà ẹranko ará Amẹ́ríkà kan, Kerry Ridgway, ló sọ àyẹ̀wò kejì tó ń ran èyí lọ́wọ́ di gbajúmọ̀. Ẹ ka lílù ọkàn, ẹ jẹ́ kí ẹṣin sáré pẹ̀lẹ́ lọ nǹkan bíi mítà 40, kó sì sáré padà. Aago ń kà láti ìgbà tó ti gbẹ́sẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú kan bá pé, ẹ tún un kà. Ẹṣin tí ara rẹ̀ pé á padà sí nọ́ńbà àkọ́kọ́ tàbí kó dín sí i: 60, lẹ́yìn náà 60 tàbí 56. Bó bá fi mẹ́rin lé, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá fi mẹ́jọ lé, nǹkan wà níbẹ̀, bó tiẹ̀ ti yege 64. Èrò mi ni pé àyẹ̀wò yìí dára ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ, nítorí omi tútù lè ran ẹṣin lọ́wọ́ láti kan 64, ṣùgbọ́n kò lè ràn án lọ́wọ́ nínú eré mítà 80.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí olùwòran mọ̀. Ní ibùdó ojú ọ̀nà, aago eré kò dúró nígbà tí ẹṣin wọlé. Ó ń lọ títí di ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹṣin síwájú dókítà, tí ó sì yege. Ẹni tó sáré àsápajúdé wọ ibùdó tó wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dúró de ọkàn ẹṣin rẹ̀ lè rí i kí ẹni tó rìn wọlé jẹ́ẹ́ kọjá lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní kìlómítà tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n fa ẹṣin wọn lọ́wọ́.

Ohun tí 64 kò lè rí

Nígbà ìsinmi, ọkàn ẹṣin tó lára gan-an lè fo lílù kan: lúù-dúùbù, lúù-dúùbù, ìdákẹ́jẹ́, lúù-dúùbù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á páyà. Kò sí ewu níbẹ̀ bó bá ń wá létòlétò, tó sì pòórá nígbà tí ẹṣin bá rìn díẹ̀. Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ni ọkàn tó ń lù ségesège láìní ètò kankan, bí onílù tó ti gbàgbé orin. Yàrá òkè ọkàn ẹṣin tóbi, títóbi yẹn sì jẹ́ kó rọrùn fún iná inú rẹ̀ láti máa yí kiri láìdúró. Dípò kí yàrá náà fún pọ̀, á kàn máa gbọ̀n. Ẹṣin bẹ́ẹ̀ lè ní 40 géérégé nígbà ìsinmi, kó yege òdiwọ̀n, kó sì jẹ́ pé agbára rẹ̀ lójú eré ti dínkù. Pípàdánù pòtásíọ̀mù wà lára ohun tí wọ́n ń fura sí. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ẹranko lè fi oògùn quinidine gba imú rẹ̀ sínú ikùn, tàbí kí wọ́n ki okùn tín-ín-rín gba iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọkàn, kí wọ́n sì fi iná mọ̀nàmọ́ná tún un tò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn kùn ún lóorun.

Àwọn tó fi ẹ̀rọ àwòrán wo ọkàn ẹṣin lẹ́yìn eré kìlómítà 100 sí 160 rí i pé yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì kì í kún bíi ti àárọ̀ mọ́, kì í sì í fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Apá kan nínú ìyẹn jẹ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó ń padà wá ti kéré. Ẹran ọkàn fúnra rẹ̀ náà ń rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹṣin tó parí irú eré bẹ́ẹ̀, èròjà troponin, tó jẹ́ pé inú ẹran ọkàn ló ti ń wá, máa ń gun òkè díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ọkàn bàjẹ́. Ó túmọ̀ sí pé ọkàn tó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ìsinmi kó tó tún ṣe irú rẹ̀, ìyẹn sì wà nínú ìdí tí òfin fi ń pàṣẹ ọjọ́ ìsinmi lẹ́yìn ìdíje, tí ọjọ́ náà ń pọ̀ sí i bí kìlómítà bá ṣe ń pọ̀ sí i.

Àmì kan wà tí ojú lè rí láìsí ẹ̀rọ. Ìhà ẹṣin á máa fò pẹ̀lú lílù ọkàn, pọ́-pọ́-pọ́, láìbá mímí rẹ̀ mu. Iṣan ara tó ń darí awọ inú tí ẹṣin fi ń mí gba ẹ̀gbẹ́ ọkàn kọjá. Bí kálísíọ̀mù àti kílóráìdì bá ti lọ pẹ̀lú òógùn, iṣan náà á di onínú fùfù, á máa dáhùn gbogbo iná tó bá jáde lára ọkàn. Kì í pa ẹṣin fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n eré ti parí fún un lọ́jọ́ náà. Dókítà á fi kálísíọ̀mù gba ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa gbọ́ ọkàn bó ṣe ń fi í wọlé, nítorí kálísíọ̀mù tó bá yára wọlé lè da ọkàn dúró. Àwọn tó ń fi koríko alfalfa bọ́ ẹṣin ní àbọ́jù láwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú eré ń fa èyí léra wọn lórí: ara tó ń rí kálísíọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ á gbàgbé bó ṣe ń yọ ọ́ láti inú egungun.

Bí ọkàn ṣe ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í mú kí ọkàn lè lù ju bó ṣe lè lù tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹṣin tí òkè rẹ̀ jẹ́ 225 ṣáájú á wà ní 225 lẹ́yìn ọdún méjì. Lílù nígbà ìsinmi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, kò rí bíi ti ènìyàn. Ohun tó ń yí padà ni èyí tó wà láàárín: eré tó ń gbà á ní 150 tẹ́lẹ̀ á wá máa gbà á ní 130. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ péré, omi inú ẹ̀jẹ̀ á ti pọ̀ sí i. Ọkàn fúnra rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbòòrò, kí ara rẹ̀ sì nípọn. Ewu inú rẹ̀ ni pé ọkàn, ẹ̀jẹ̀ àti iṣan máa ń yára gbaradì, egungun àti okùn ẹsẹ̀ sì ń lọ́ra fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹṣin tí ọkàn rẹ̀ ń wálẹ̀ kíákíá lè tan olówó rẹ̀ láti mú un sáré ju bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lè gbà lọ.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ ìlọsíwájú ni kí ẹ yan ọ̀nà kan, òkè kan náà, eré kan náà, kí ẹ máa ka lílù ọkàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tó bá dúró, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bí ooru ọjọ́ náà ṣe rí. Bí nọ́ńbà ìsinmi òwúrọ̀ bá fi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lé ti àtẹ̀yìnwá, ẹ má gùn ún lọ́jọ́ náà.

Omi tútù àti iyọ̀

Àwọn kan ṣì gbà pé omi tútù lára ẹṣin gbígbóná á mú kí iṣan rẹ̀ gan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láti múra sílẹ̀ fún Òlíḿpíìkì Atlanta ọdún 1996 ti já èyí ní koro. Ẹ da omi tútù, kódà èyí tó ní yìnyín, sí ọrùn, èjìká, àyà àti itan, láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì máa fa ẹṣin rìn díẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má bo aṣọ rírin lé e. Ooru ni aṣọ bẹ́ẹ̀ ń tì mọ́ abẹ́. Ìgbóná ara ẹṣin tó wà ní dédé jẹ́ 37.5 sí 38.5 lórí òdiwọ̀n Celsius, bó bá kọjá 40 tí kò sì wálẹ̀ kíákíá, ẹ má dẹ́kun omi.

Ní ti iyọ̀, iyọ̀ oúnjẹ ìwọ̀n méjì mọ́ iyọ̀ pòtásíọ̀mù ìwọ̀n kan ni àpòpọ̀ tó wọ́pọ̀, gíráàmù 30 sí 60 lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pò ó bí ẹ̀kọ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tí kò lójú fún un sẹ́nu. Ẹṣin tó ti mumi tàbí tó fẹ́ mumi nìkan ni kí ẹ fún. Iyọ̀ nínú ikùn ẹṣin tó ti gbẹ á fa omi láti inú ẹ̀jẹ̀ wá sínú ìfun, ọkàn á tún yára sí i. Ẹ má fi báíkàbónéètì sí i. Ẹṣin tó ti làágùn púpọ̀ ti pàdánù kílóráìdì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń yí sí apá tí báíkàbónéètì ń tì í sí; ẹ ó kàn bá a dá kún ìṣòro ni.

Òfin àti eré tó ń yára sí i

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Tevis Cup lọ́dún 1955 ní California, máìlì 100 lórí òkè ni, wákàtí 24 ni wọ́n sì fún ẹlẹ́ṣin. Òkè àti òkúta fúnra wọn ló ń dá ẹṣin dúró. Nígbà tó yá, eré yìí dé aṣálẹ̀ títẹ́jú àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá, owó wọlé, àwọn tó ń borí sì ń sá ju kìlómítà 25 lọ ní wákàtí kan. FEI dá àjọ eré ẹṣin UAE dúró lọ́dún 2015 nítorí bí wọ́n ṣe ń lo ẹṣin, ó sì tún dá a dúró lọ́dún 2020.

Àwọn kan ń fẹ́ kí wọ́n sọ 64 di 60. Ó lè ṣèrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni eré tó ṣáájú àyẹ̀wò. Ẹṣin tó lára gan-an lè fi kìlómítà 30 ní wákàtí kan sá ìyípo tó gbẹ̀yìn, kí ọkàn rẹ̀ wálẹ̀ sí 60 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ní ìlà tín-ín-rín tí nọ́ńbà ọkàn kò lè rí. Ọ̀nà tó ní òkè, iyanrìn àti igun máa ń dín eré kù láìsí ọlọ́pàá. Fífi ọjọ́ kún ìsinmi ẹṣin tó bá sáré jù dára ju nọ́ńbà lọ.

Níbi tí ẹṣin wà nílẹ̀ wa

A kì í sá kìlómítà 160 ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n ẹṣin tó ń jó níwájú Awùjalẹ̀ nígbà Ojúde Ọba, tàbí tó wà nínú ìwọ́de ní Ìlọrin, ń dojú kọ ohun tó da Tryon rú gan-an: ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi, òógùn ń kán sílẹ̀ ni, kì í gbẹ lára, èyí tó kán kò sì mú ooru kankan lọ. Ẹ tún fi aṣọ ọ̀ṣọ́ wíwúwo kún un, ìlù àti ìbọn tó ń mú ọkàn fò, àti wákàtí púpọ̀ lórí ìdúró. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé ẹṣin náà wá láti Òkè Ọya lánàá, ó lè ti gbẹ kó tó wọ gàárì.

Àrùn eṣinṣin tsetse, tó ti ń dààmú ẹṣin nínú igbó wa láti ayé àwọn ajagun Ọ̀yọ́, ń mú kí ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára ẹṣin. Ẹṣin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó á máa lù ní 50 tàbí 60 níbi tó dúró sí. Ẹ kà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ kí wọ́n tó dì í ní gàárì. Bó bá ti ju 48 lọ nínú ìdákẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ kó wà nílé, kí ẹ pe dókítà ẹranko láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi lé e, ẹ gbé garawa méjì síwájú rẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, èkejì láìsí, kí ó yan èyí tó wù ú. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá tó ṣì ju 64 lọ, ẹ má dúró di àárọ̀ kí ẹ tó pe dókítà.